Bí a ṣe ń fi ọwọ́ wọn oúnjẹ

Kò sí ẹni tó ń gbé òṣùwọ̀n lọ sí búkà ní Yábà tàbí Ọyìngbò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni ò jìnnà síni. Ẹ di ìkúùkù: bó ṣe tóbi tó ni kí ẹ̀bà, àmàlà tàbí ìrẹsì yín mọ. Ẹran tàbí ẹja kò gbọdọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, láìka ìka mọ́ ọn. Ẹ̀fọ́ ló ni ìdajì àwo.

Òkèlè ni wàhálà pọ̀ sí. Àmàlà inú ọ̀rá kan ní búkà sábà máa ń ju ìkúùkù lọ. Ẹ gba ẹyọ kan, ẹ gé èyí tó lé kúrò kí ọwọ́ tó kan ọbẹ̀. Bó bá ti wọnú gbẹ̀gìrì, ta ló tún ń pín in?

Ìrẹsì máa ń tanni: ife kan tí a kò tíì sè ń wú tó nǹkan bí ife mẹ́ta. Kó tó dórí iná ni ká ti wọ̀n ọ́n, kó má bàa ju ìkúùkù lọ bó bá jinná.

Epo kì í hàn, bẹ́ẹ̀ ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ tó nǹkan bíi kálórì 120. Bó bá léfòó sójú ọbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bù ú kúrò.