Kẹ́ ẹ tó ra wáyà: bí a ṣe ń ṣírò fóltì, ampere, ohm àti wáàtì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tẹ́ ẹ ń bomi rin tòmátì àti ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń ta omi tútù nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, mo ra pọ́ńpù kékeré kan ní Kétu, wọ́n kọ 12 fóltì, 60 wáàtì sí i lára. Ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa ni mo gbé pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì sí, kànga wà lábẹ́ igi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó tó 20 mítà síra wọn, wáyà tín-ín-rín tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ náà ni mo sì fà débẹ̀. Pọ́ńpù ń ké, omi ń ro tó-tó-tó. Mo gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, ó so ó mọ́ bátìrì níwájú mi, omi tú yàà. Pọ́ńpù ò ṣe nǹkan kan. Wáyà mi ló ń jẹ iná lójú ọ̀nà.

Gbogbo wa la mọ̀ pé tí rọ́bà tá a fi ń bomi rin oko bá gùn tó sì tín-ín-rín, omi ò ní lágbára tó bá dé ìdí ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà rí o. Fóltì ni agbára tó ń ti iná lọ, ampere ni bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó, ohm ni bí ọ̀nà ṣe ń dènà rẹ̀ tó. Ọ̀gbẹ́ni Georg Simon Ohm, olùkọ́ kan ní Jámánì, ló tẹ ìwé jáde lọ́dún 1827 tó fi hàn bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so pọ̀: ẹ fi ampere pín fóltì, ohm lẹ máa rí. Ẹ sọ ampere di púpọ̀ pẹ̀lú ohm, fóltì lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá sì sọ fóltì di púpọ̀ pẹ̀lú ampere, wáàtì nìyẹn, ìyẹn iṣẹ́ tí iná ń ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká fi pọ́ńpù mi ṣe é. 60 wáàtì, ẹ fi 12 fóltì pín in, 5 ampere ló ń fẹ́. Wáyà bàbà tó gùn ní mítà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1 (ìyẹn mm² tí wọ́n kọ sí i lára, bí ojú bàbà inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó tẹ́ ẹ bá gé e) ní nǹkan bíi 0.0172 ohm. Mítà 20 ni mo fà, àmọ́ iná ń lọ ó sì ń bọ̀, nítorí náà 40 la máa kà (ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í). 0.0172 lọ́nà 40 jẹ́ 0.688, wáyà mi jẹ́ nọ́ńbà 1.5, ẹ fi pín in, ó kù bíi 0.46 ohm. Ó kéré lójú àbí? 5 ampere lọ́nà 0.46 jẹ́ 2.3 fóltì tó ṣòfò, pọ́ńpù tó yẹ kó gba 12, nǹkan bíi 9.7 ló ń gbà. Wáyà nọ́ńbà 6 ni mo padà rà, ohm rẹ̀ ò ju 0.115 lọ, òfò rẹ̀ ò tó 0.6 fóltì. Ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ti ń dé ìdí tòmátì.

Iná ilé 220 fóltì ò ní irú wàhálà yìí púpọ̀, torí pé òfò fóltì 2 níbẹ̀ ò tó nǹkan. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ wo áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì: 1000, ẹ fi 220 pín in, bíi 4.5 ampere, ohm rẹ̀ á jẹ́ 48.4. Ohm yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà o, torí náà lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá ń lo iná tí fóltì sì já wálẹ̀ sí 180, ampere á di 3.7, 180 lọ́nà 3.7 ò ju bíi 670 wáàtì lọ. Ìdí nìyẹn tí aṣọ kì í fi í nà dáadáa lálẹ́, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù ló bàjẹ́. Lórí kọ́ńtà (ẹ̀rọ tó ń ka iná tẹ́ ẹ lò), 1000 wáàtì fún wákàtí kan ni kílówáàtì-wákàtí (kWh) kan, tẹ́ ẹ bá ń lọ aṣọ fún ààbọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, 15 nìyẹn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. (Fún ẹ̀rọ tí iná ń yí àti fìríjì, fóltì lọ́nà ampere máa ń ju wáàtì gidi lọ díẹ̀, ti áyọ́ọ̀nù àti ohun tó ń gbóná ló péye.)

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà ìfàgùn tẹ́ ẹ ń ki nǹkan mẹ́ta mẹ́rin bọ̀. Áyọ́ọ̀nù 1000 àti kẹ́tùlù 2000 lójú kan, 3000, ẹ fi 220 pín in, ó lé ní 13 ampere. Ooru inú wáyà sì ni ampere lọ́nà ampere lọ́nà ohm, tí ampere bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án tó ti ń gbóná, ẹ yọ ọ̀kan kíá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mítà (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná) wọn ohm, ẹ kọ́kọ́ yọ nǹkan náà kúrò lára iná. Ẹ má ṣe fi ojú ampere mítà kan ìdí iná méjèèjì pọ̀ láéláé, ó lè bú gbàù. Ara èèyàn tí omi ti rin lè má ju 1000 ohm lọ. 220 fóltì, ẹ fi 1000 pín in, 0.22 ampere, bẹ́ẹ̀ ohun tó ju 0.03 lọ ti lè pa èèyàn. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń fi pọ́ńpù 220 sẹ́nu kànga, disjoncteur différentiel (ohun tó ń gé iná kíá tí iná bá ń jò) tí wọ́n kọ 30 mA, ìyẹn 0.03 ampere, sí lára ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ iná bá yín so ó.