Ìgbà mẹ́ta ni mo da yanrìn sínú sítáǹdì sípíkà mi

Owó tí sítáǹdì yìí gbà, kò yẹ kó tún ku iṣẹ́ kankan sí mi lọ́rùn. Irin ni, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, òpó kan ṣoṣo ló wà láàárín pẹpẹ òkè àti pẹpẹ ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìka lù ú, gbaaan! Bí agogo. Òfìfo ni wọ́n tà fún mi! Bí sípíkà bá ń kọrin, irin náà di elégbè tí ẹnikẹ́ni ò pè.

Yanrìn ni oògùn rẹ̀. Inú òpó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́nà kan, 5 lọ́nà kejì, lítà 3 ló gbà. Kílò 4 yanrìn gbígbẹ ti tó, kò pọn dandan kó kún. Mo yan án nínú ààrò fún wákàtí 2 ní digírì 120, mo ń rò ó, torí yanrìn tútù á jẹ irin láti inú.

Ìdí òpó ló wá dá mi lágara. Bóòtù mẹ́ta ló so ó mọ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀, ihò wáyà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo rò pé irin tí bóòtù ti fún pọ̀ kò lè jò. Irọ́ ni. Yanrìn ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Mo fi téèpù dí i. Bí mo ṣe ń fún bóòtù ló ń lọ́ téèpù, ó ya. Mo da gbogbo rẹ̀ padà sínú garawa, mo fi silikóònù dí i, èyí tó ń rùn bíi fínígà. Àṣìṣe ńlá! Ásíìdì tó ń yọ lára rẹ̀ bó ṣe ń gan máa ń jẹ irin tí kò ní ọ̀dà. Nígbà tí mo tún un tú, ìpẹtà ti yí ihò bóòtù ká. Mo ha á dànù, mo ra silikóònù tí wọ́n kọ neutral sí lára (ìyẹn èyí tí kì í yọ irú ásíìdì yẹn), mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí n tó da yanrìn lẹ́ẹ̀kẹta.

Ká ní mo mọ̀ ni, inú ọ̀rá méjì tó wọnú ara wọn ni ǹ bá da yanrìn sí. Kí ọ̀rá náà fẹ̀ ju inú òpó lọ, kí yanrìn lè ti ara irin gbágbá. Ọ̀rá tó bá fún kò ní kan irin, irin á sì máa dún lọ.

Ọ̀dà kò le: sáńpépà 240, ọ̀dà ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà dúdú tí kì í dán, ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ṣáà fi bébà dí ihò tí wọ́n ń de ẹsẹ̀ ṣóńṣó mọ́ lábẹ́ sítáǹdì kẹ́ ẹ tó fín in. Ó rẹwà, n ò ní purọ́.

Wọ́n máa ń ní ẹsẹ̀ ṣóńṣó ń dá gbígbọ̀n dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀: ó kàn ń gún kápẹ́ẹ̀tì já kí sítáǹdì má mì ni. Lórí ilẹ̀ onípákó bíi tèmi, ńṣe ló ń gbé béèsì lọ sínú pákó. Mo bọ́ wọn, mo fi rọ́bà mẹ́rin sí i. Ẹ ṣírò ìwúwo sípíkà, irin àti yanrìn, kẹ́ ẹ pín in sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó ra rọ́bà. Èyí tó rọ̀ jù á máa mì, èyí tó le jù ò yàtọ̀ sí irin. Lórí pẹpẹ òkè, Blu-Tack (àtè rírọ̀ tó ń di sípíkà mú) tó tó hóró ẹ̀wà kan ní igun kọ̀ọ̀kan.

Mo tún lù ú: kù! Ó ti panu mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbá yanrìn nílẹ̀.