Bí mo ṣe rídìí iná búréèkì tó ń tàn bàìbàì

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn tèmi ló sọ fún mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti dúró, ó wá kan gíláàsì mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iná búréèkì yín ti ọwọ́ òsì ò tàn dáadáa o. Díẹ̀ ló kù kí n kọ lù yín." Àyà mi já. Awakọ̀ kì í rí iná búréèkì ara rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń fi ojú rẹ̀ ṣọ́ ọ, ẹ̀mí onítọ̀hún ló sì wà nídìí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá náà, mo rọra wakọ̀ délé, mo sì pinnu pé ọkọ̀ náà ò ní í jáde mọ́ títí màá fi rídìí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú díẹ̀, mo yí ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ògiri, mo ní kí àbúrò mi jókòó síwájú kó máa tẹ ẹsẹ̀ búréèkì. Ọwọ́ ọ̀tún tàn yòò. Ti àárín, èyí tó wà lókè lẹ́yìn gíláàsì, tàn dáadáa. Ti òsì kàn ń pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú ni. Nígbà tí àbúrò mi tan iná alẹ́ mọ́ ọn, ó tún wá burú sí i. Ó tan tíráfíkétọ̀ ti òsì, ni iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Àmì ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo mọ̀ ni ọ̀nà tí iná ń gbà. Láti bátìrì, á gba inú fíùsì, á dé ọ̀dọ̀ súìsì kékeré tó wà lókè ẹsẹ̀ búréèkì, á tọ wáyà lọ sẹ́yìn, á gba inú gílóòbù, á wá gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì. Bí ó bá jẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú, ọ̀dọ̀ fíùsì àti súìsì ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíùsì kan náà àti súìsì kan náà ló ń bọ́ ọ̀tún àti òsì nínú ọkọ̀ tèmi, ọ̀tún sì ń tàn. Nítorí náà mi ò fọwọ́ kan iwájú rárá. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí n fi fíùsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i kí iná lè pọ̀. Ẹ má ṣe é láé! Fíùsì kì í fi kún iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó já kí wáyà má bàa jóná. Ẹni tó bá fi ńlá rọ́pò kékeré ti sọ wáyà di ohun tí yóò kọ́kọ́ jó nìyẹn.

Mo tú gílóòbù òsì. Irú èyí tó ní okùn iná méjì nínú ni: ọ̀kan jẹ́ wáàtì 21 fún búréèkì, èkejì jẹ́ wáàtì 5 fún iná alẹ́. Mo fi ti ọ̀tún sí òsì, mo fi ti òsì sí ọ̀tún. Òsì ṣì ń tàn bàìbàì, ọ̀tún ṣì ń tàn yòò. Gílóòbù kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Mo yọ gílóòbù kúrò, mo ki ẹnu méjèèjì mítà tí a fi ń wọn iná bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, àbúrò mi tẹ búréèkì: fólítì 12.4. Ó pé pérépéré. Mo bá gbà pé wáyà dára. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi wo ibòmíràn, mo tú wáyà ibi tí búùtù ti ń ṣẹ́po, torí wáyà máa ń já níbẹ̀ bí a ṣe ń ṣí i tí a ń tì í. Mi ò rí nǹkan kan.

Mítà ò purọ́, èmi ni mi ò béèrè bó ṣe yẹ. Iná tí mítà ń fà kò tó nǹkan. Ẹ wo páìpù omi tí ẹrọ̀fọ̀ ti dí, tó ku ihò bí ojú abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ti ẹ̀rọ omi pa, agbára omi yóò ṣì dé ẹnu rẹ̀ ní kíkún. Ẹ ṣí i wàyí, kíkán ni yóò máa kán. Gílóòbù wáàtì 21 ń fa bí áńpù 1.75, òun ni ẹ̀rọ tí a ṣí sílẹ̀. Àfi kí a wọn iná náà nígbà tí gílóòbù bá wà nídìí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi igi ti ẹsẹ̀ búréèkì mọ́lẹ̀ láti ara ìjókòó, mo dá gílóòbù padà. Mo fi ẹnu dúdú mítà kan irin ọkọ̀ tí mo ti họ mọ́, mo fi ẹnu pupa kan ibi tí iná ti ń wọlé: 12.1. Kò burú. Mo wá gbé ẹnu pupa lọ sí ibi tí iná ti ń jáde, ìyẹn wáyà áàtì tó ń dá iná padà sí ara irin ọkọ̀. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ níbẹ̀. Mo rí 5.8! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì agbára tó ń sọnù sójú ọ̀nà àbọ̀. Mo fi wáyà kan so ibẹ̀ mọ́ irin mímọ́ náà, ògiri ẹ̀yìn mi sì pọ́n yòò lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pariwo pe àbúrò mi kó wá wò ó.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tíráfíkétọ̀ yé mi. Nígbà tí ọ̀nà àbájáde dí, iná ń gba inú gílóòbù tó wà nítòsí wá ọ̀nà mìíràn padà sílé.

Mo tọ wáyà áàtì náà lọ sí abẹ́ aṣọ búùtù, níbi tí bóòtù kan ti dè é mọ́ irin. Òrùka bàbà rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Mo tú orí òdì bátìrì ná, mo fi sáńpépà ha irin náà títí ó fi ń dán, mo fi òrùka tuntun sí wáyà, mo dè é le, mo wá fi gíríìsì bo orí rẹ̀. Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i: 0.04.

Ó ku ibi tí omi ti ń wọlé. Mo da omi sórí iná òsì láti ìta, mo ṣí búùtù, mo sì rí i tó ń sun wọlé lábẹ́ rọ́bà tó yí i ká. Rọ́bà náà ti gbẹ, ó ti là. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún da omi sí i, búùtù gbẹ. Ní alẹ́, a tún kọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ògiri.

"Bọ̀dá mi, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Tẹ̀ ẹ́, kó o tan tíráfíkétọ̀ mọ́ ọn."

Ọ̀tún àti òsì pọ́n bákan náà, tíráfíkétọ̀ sì ń ṣẹ́jú lóun nìkan.