Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Àwọn Olùtọ́sọ́nà Tí Yóò Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera ní Àjùmọ̀ṣe Lórí Ìtọ́jú Àgbàlagbà

Arúgbó kan ṣoṣo lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti oríkèé ríro lẹ́ẹ̀kan náà, kí etí rẹ̀ má gbọ́ràn dáadáa mọ́, kí ó sì máa lo oògùn tí dókítà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ ohun tí àwọn yòókù kọ. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera fi ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ti nọ́ọ̀sì, ti ìmọ̀ oògùn, ti fisiotẹ́rápì (ìtọ́jú iṣan, oríkèé àti ìrìn) àti ti iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ jọ, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń pawọ́ pọ̀ tọ́jú àgbàlagbà. Ní ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé irú ẹ̀kọ́ yìí máa ń wáyé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń kọ́ nípa ara wọn, tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ ara wọn, tí wọ́n sì jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Ọwọ́ olùtọ́sọ́nà, ẹni tí ń darí ìjíròrò wọn, ni ó wà bóyá èyí yóò ṣẹlẹ̀, tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kàn jókòó sínú yàrá kan náà lásán. Ibi tí a ti ń pèsè olùtọ́sọ́nà yìí gan-an ni nǹkan ti máa ń wọ́.

Àṣìṣe tí ó gbilẹ̀ jù lọ ni kí a gbà pé ẹni tí ó bá mọ ìtọ́jú arúgbó dáadáa ti mọ bí a ti ń tọ́ ìjíròrò sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn àgbàlagbà ni ó máa ń ṣòro fún jù lọ láti dákẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè ohun tí ó mú kí ọkàn ìyá arúgbó kan dàrú lójijì lóru, ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀, yóò sì sọ ọ́ jáde, ìjíròrò náà yóò sì di ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn tí ó fura pé oògùn tuntun kan lè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ní ráyè sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Wọn yóò gba ìdáhùn lọ sílé, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n bi léèrè ní ọjọ́ mìíràn.

Ohun tí ó burú ni pé bí àwa tí a ń kọ́ olùtọ́sọ́nà ti ń ṣe náà nìyẹn. A máa ń kó wọn jọ, a ó sọ̀rọ̀ fún wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nípa bí kò ṣe yẹ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ jù, a ó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ni yóò tún fi ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ẹlòmíràn. Ó sàn kí olúkúlùkù wọn darí ìjíròrò kúkúrú lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn wọ̀nyí ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́: kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ ṣáá, kí ẹnì kan má la ẹnu rárá, kí ẹnì kan máa fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ ohun tí a rí fún un láìfi bò. Nínú irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti ń kọ́ láti fara da ìdákẹ́jẹ́, àti láti dá ìbéèrè padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó jókòó pé, “Ta ni nínú yín tí iṣẹ́ rẹ̀ kan èyí?”

Àṣìṣe mìíràn wà nínú ìtàn aláìsàn tí a bá gbé síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìtàn tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè dá yanjú, àwọn yòókù yóò di òǹwòran, olùtọ́sọ́nà kò sì ní lè fi ọgbọ́n ẹnu gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ìyá ẹni ọdún 82 kan tí ó ṣubú nínú ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn ni yóò rí i pé oògùn oorun tí ó ń lò wà lára irú àwọn tí a gbà pé ó léwu fún arúgbó, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àkójọ tí dókítà Mark Beers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1991. Akẹ́kọ̀ọ́ fisiotẹ́rápì ni yóò ní kí ó dìde lórí àga, kí ó rin mítà 3, kí ó yí padà kí ó sì tún jókòó, nítorí pé bí èyí bá gba ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ìṣubú wà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mọ iye ìgbà tí ìyá náà ń jí tọ̀ lóru, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ ọ bí ó bá dìde, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ sì ti mọ̀ pé òun nìkan ni ó ń gbé inú ilé náà. Kò sí ẹyọ kan nínú ìmọ̀ wọ̀nyí tí ó tó láti dáàbò bò ó, nítorí náà wọn kò lè ṣàìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ àwọn olùtọ́sọ́nà láti yẹ ìtàn wò lọ́nà yìí kí wọ́n tó lò ó: bí a bá yọ iṣẹ́ kan kúrò tí ojútùú kò sì yí padà, ìtàn náà kò dára.

Ẹ má ṣe ṣe bí ẹni pé ipò àṣẹ kò sí láàárín àwọn iṣẹ́ ìlera. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sì máa ń di akọ̀wé láìsí ẹni tí ó yàn án. Láti ọdún 1954 ni Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ti kọ ọ́ pé kí àwọn ènìyàn kàn pàdé kò tó láti mú ẹ̀tanú kúrò, àfi bí wọ́n bá wà ní ipò kan náà níbi ìpàdé ọ̀hún, tí wọ́n jọ ń lé ohun kan náà, tí àwọn aláṣẹ sì fọwọ́ sí i. Olùtọ́sọ́nà tí a kò kọ́ láti kíyè sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń gbé ìwé kọ yóò tún fẹsẹ̀ ipò náà múlẹ̀ sí i ni. Àwọn kan gbà pé ojútùú rẹ̀ ni kí a fi olùtọ́sọ́nà méjì láti inú iṣẹ́ méjì síbẹ̀. Èmi náà fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo ti rí i níbi tí dókítà ti ń sọ̀rọ̀, tí nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń darí sì ń pín bébà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ohun tí wọ́n rí.

Ìgbàgbé kan tún wà tí ó yà mí lẹ́nu nínú ẹ̀kọ́ tí ó dá lórí àgbàlagbà: àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ni a máa ń gbàgbé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sọ̀rọ̀ lórí àìsàn rẹ̀, olùtọ́sọ́nà kò sì ní bèèrè ohun tí ó fẹ́. Ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017 fi ohun tí ó jẹ arúgbó lógún ṣíwájú, kí ó tó kan oògùn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀, ètò bẹ́ẹ̀ sì wúlò fún olùtọ́sọ́nà tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Olùtọ́sọ́nà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí gbólóhùn bíi “ọjọ́ orí ló fà á” kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn tí ó dé lójijì kì í ṣe iyè rírà, ó lè jẹ́ pé àkóràn, oògùn tàbí àìmu omi tó ni ó fà á, ẹni tí ó bá sì kà á sí ọjọ́ ogbó lè pàdánù aláìsàn náà.

Ní ìparí ìjíròrò, àkókò ti máa ń tán, olùtọ́sọ́nà á sì yára bèèrè bóyá wọ́n gbádùn rẹ̀. Wọn yóò ní àwọn gbádùn rẹ̀. Ẹ fi àkókò sílẹ̀ ṣáájú kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ti ṣiṣẹ́ pọ̀, kì í ṣe lórí ìyá tí ó ṣubú nìkan: ta ni ó yí ìpinnu padà, ọ̀rọ̀ ta ni a kò gbọ́, kí ni olúkúlùkù kò mọ̀ nípa iṣẹ́ ẹnì kejì títí di òní. Bí wọ́n bá ti túká, kí àwọn olùtọ́sọ́nà méjèèjì jókòó, kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè kan náà, kí ẹni tí ó kọ́ wọn sì wà níbẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ní àwọn ìgbà mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.