Tí wọ́n bá jí lẹ́tà yín ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀kì sun inú àpótí lẹ́tà mọ́jú. Àwọn olè máa ń fi kẹ́míkà fọ íǹkì ara rẹ̀, wọ́n á wá kọ orúkọ mìíràn àti iye tó wù wọ́n síbẹ̀, ìbuwọ́lùwé yín á ṣì wà níbẹ̀ digbí. Bíróò gel dúdú ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí íǹkì rẹ̀ máa ń wọnú ìwé, kì í ṣeé fọ̀ bọ̀rọ̀. Inú ilé ìfìwéránṣẹ́ gan-an ló dára jù kí ẹ mú un lọ.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má san owó náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sùn U.S. Postal Inspection Service ní uspis.gov/report tàbí 1-877-876-2455. Àwọn ni agbófinró ìfìwéránṣẹ́. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ẹni tó bá jí lẹ́tà lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àdúgbò pẹ̀lú, torí báǹkì lè béèrè ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ yín. Àpòòwé tí wọ́n ti fà ya, ẹ má jù ú nù o, ẹ̀rí ni.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Informed Delivery, ètò kan tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á máa fi àwòrán iwájú àpòòwé lẹ́tà tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí yín. Tí lẹ́tà bá sì dédé dáwọ́ dúró, ẹ béèrè ní ilé ìfìwéránṣẹ́ bóyá ẹnì kan ti yí àdírẹ́sì yín padà lórúkọ yín.