T7 wà pẹ̀lú H3: bí nọ́ńbà lásán ṣe ba iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́

Kí n tó ṣàlàyé bí mo ṣe tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀. Dírílì carbide tí mi ò tíì lò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ló dá sí mẹ́ta lójú mi lórí ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ ìgé tí kọ̀ǹpútà ń darí. Alumíníọ̀mù tí mo ti fi wákàtí mẹ́rin gé di àlòkù. Gbogbo rẹ̀ ò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Fáìsì tó di iṣẹ́ mú ò tú, mi ò sì ṣi ìyára ẹ̀rọ ṣírò. Nọ́ńbà ni. Nọ́ńbà lásán!

Irinṣẹ́ márùn-ún ni iṣẹ́ náà gbà. Mo ti ní fáìlì àtijọ́ kan tó jọ ọ́, mo bá kó àwọn ọ̀nà ìgé kan láti inú rẹ̀ sínú tuntun, kí n má baà tún iṣẹ́ àná ṣe. Nínú èyí tí mo kó wá, T3 (T ni nọ́ńbà irinṣẹ́) ni kọ́tà, irinṣẹ́ ìgé, 10 mm. Nínú tuntun, T3 ni dírílì 8.5 mm tí mo fẹ́ fi lu ihò fún bọ́ọ̀tì M10. Sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣètò ọ̀nà ìgé pariwo pé irinṣẹ́ méjì ló ń jẹ́ 3. Ìyẹn dáa, torí bí kò bá pariwo ni, ẹ̀rọ á gé tán pẹ̀lú kọ́tà, á tún gbọ́ “T3” lẹ́ẹ̀kejì, á sì rò pé òun ti mú un dání. Kò ní pààrọ̀ nǹkan kan. Kọ́tà 10 mm ni ì bá lọ lu ihò 8.5.

Mo wá tẹ bọ́tìnì tó máa ń tún nọ́ńbà tò fúnra rẹ̀. Dírílì di T7. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ ń súfèé. Mo gbé G-code, àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, jáde, mo fi dírílì sí àyè keje, mo wọn gígùn rẹ̀, ó jẹ́ 112.6 mm, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí ìlà 7 nínú tábìlì offset, ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka ìwọ̀n irinṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu lójú mi. Ohun tí mi ò wò ni ìlà méjì yìí:

T7 M6
G43 H3 Z15.

Ẹ wò ó dáadáa. T ti di 7, àmọ́ H ṣì jókòó sórí 3. M6 ni àṣẹ pé kí ẹ̀rọ pààrọ̀ irinṣẹ́, G43 ni àṣẹ pé kó lo gígùn irinṣẹ́. T ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé irinṣẹ́ wo ni kó mú, H ló ń sọ ìlà tí yóò ti ka gígùn irinṣẹ́ náà. Ìlà 3 sì jẹ́ ti kọ́tà 10 mm, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 84.2 mm. Ìyẹn ni pé dírílì ọwọ́ ẹ̀rọ fi 28.4 mm gùn ju bí ẹ̀rọ ṣe gbà pé ó gùn lọ. Níbi tí ẹ̀rọ ti rò pé orí dírílì á dúró ní 15 mm lókè alumíníọ̀mù, 13.4 mm nísàlẹ̀ ojú rẹ̀ ló ń darí lọ, pẹ̀lú eré tó fi ń rìn nígbà tí kò bá gé nǹkan kan. Gbàù! Ìgbà tí ọwọ́ mi fi máa dé bọ́tìnì pupa, ó ti parí.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo ṣí àkójọ irinṣẹ́ inú sọ́fítíwíà, mo yí H dírílì sí 7, mo gbé G-code jáde. H3. Mo tún un yí. H3. Mo ti sọ́fítíwíà pa, mo tún un ṣí, mo tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. H3 ṣì ń wò mí. Ó lé ní wákàtí méjì tí mo fi ń ṣe ohun kan náà, tí mo ń bá ẹ̀rọ tí kò létí sọ̀rọ̀.

Ohun tí kò yé mi ni pé bí èèyàn bá ti mú irinṣẹ́ látinú àkójọ lọ sínú iṣẹ́ kan, ẹ̀dà rẹ̀ ló wọlé. Ẹ̀dà yẹn ti kúrò lábẹ́ àkójọ, inú fáìlì ló ń gbé. Èmi wá dà bí ẹni tó gerun, tó ń retí pé kí fọ́tò tó yà lọ́dún tó kọjá náà gerun. Inú fáìlì ni kí n lọ tún un ṣe.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ojú tì mí. Àpótí mẹ́ta ló wà fún nọ́ńbà, wọn ò sì sí lójú ewé kan náà pẹ̀lú ìwọ̀n irinṣẹ́: ọ̀kan fún T, ọ̀kan fún H, ọ̀kan fún D, ìyẹn ìlà tí ẹ̀rọ ti ń ka bí irinṣẹ́ ṣe fẹ̀ tó. Tí a ò bá fọwọ́ kàn án, H àti D máa ń tẹ̀lé T lọ síbi tó bá lọ. Àmọ́ nínú fáìlì àtijọ́ yẹn, ẹnì kan ti fọwọ́ tẹ H sí 3, ó sì ti já okùn tó so wọ́n pọ̀. Èmi ni ẹnì kan ọ̀hún. Mi ò rántí ìdí tí mo fi ṣe é. Mo tún bá kọ́tà kan tó jẹ́ T5 àmọ́ tí D rẹ̀ jẹ́ 12, bẹ́ẹ̀ G41, àṣẹ tó ń lo D láti sún irinṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, wà nínú ọ̀nà ìgé rẹ̀. Ìyẹn ì bá lo ìwọ̀n ẹlòmíràn láti fi ṣírò ẹ̀gbẹ́ ìgé, èmi á sì máa wá ìdí tí iṣẹ́ mi fi tóbi jù tàbí kéré jù.

Ìbínú wá mú mi, mo ní kí n kúkú tún gbogbo àkójọ tò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má dán an wò. Bọ́tìnì yẹn kàn ń kà láti òkè lọ sísàlẹ̀ ni, kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Mo ní kọ́tà 6 mm kan tí mo kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú ìyára fún alumíníọ̀mù, ọ̀kan fún irin. Kọ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n lórí ẹ̀rọ, T4 làwọn méjèèjì. Bọ́tìnì sọ ọ̀kan di T4, ó sọ èkejì di T5. Kí ló sì wà ní àyè karùn-ún? Kọ́tà mìíràn pátápátá. Ohun tó kó mi yọ ni ẹ̀dà àkójọ tí mo ti tọ́jú lọ́jọ́ tó ṣáájú. Níbi yẹn, mo yin ara mi díẹ̀.

Báyìí, nọ́ńbà 1 sí 12 kì í yí padà. Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ wọn kì í kúrò lórí ẹ̀rọ, fáìlì tó bá sì wọlé ló máa yí tiẹ̀ padà láti bá wọn mu. 13 sí 20 jẹ́ ti àlejò. Kọ́tà kan náà tí mo bá fi sínú holder (ohun tó di irinṣẹ́ mú) tó gùn jù gba nọ́ńbà tirẹ̀, torí gígùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Mo sì ń kọ nọ́ńbà, ìwọ̀n àti gígùn tó yọ síta mọ́ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń to iṣẹ́ sórí fáìsì àti bí a ṣe ń yan ọ̀nà ìgé, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí mo fi kún un ni pé mo máa ń ṣí G-code gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, kí n wá M6 kọ̀ọ̀kan, kí n wo T tó wà níbẹ̀ àti H tó tẹ̀lé e. Fún irinṣẹ́ márùn-ún, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn náà, ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo fi ń jẹ́ kí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú eré tó kéré jù, ọwọ́ mi lórí bọ́tìnì ìdádúró. Bí ojú ẹ̀rọ bá ní ó ku 40 mm kó fi dúró, tí ojú mi sì rí i pé àyè tó kù ò tó bẹ́ẹ̀, ojú mi ni mo gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gé òmíràn. T7, H7. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde bó ṣe yẹ. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ tábìlì, orí dírílì há sínú rẹ̀, carbide sì le ju gbogbo ohun tí mo ní láti fi lu ú jáde lọ.