Bí A Ṣe Ń Fi Òjúde Ọba Há Cranial Nerve Méjìlá Sórí

Bí ìdánwò MB, ìdánwò ńlá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó gbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ṣágámù àti Ìlíṣàn tí wọ́n ń ka gbólóhùn Òyìnbó kan lákàtúnkà, tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún orúkọ cranial nerve kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn okùn méjìlá tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ẹ̀yà ara. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó rántí gbólóhùn náà ketekete, tí kò wá mọ ohun tí A kejì dúró fún, pọ̀ jọjọ. A kò tilẹ̀ lè fi Yorùbá ṣe irú rẹ̀: lẹ́tà V wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ábídí wa kò sì ní V. Àwòrán ló dára jù, kó sì jẹ́ ti ibi tí ojú yín ti mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ nerve kọ̀ọ̀kan kó yé yín. Orúkọ tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ibi tí a ó fi àwòrán kọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ojú dé, kí ẹ lọ sí Òjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan wá júbà Awùjalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ to ẹgbẹ́ méjìlá.

Ẹgbẹ́ kìíní da lọ́fíńdà sára débi pé òórùn wọn ṣáájú wọn dé: olfactory. Ìkejì wọ awò dúdú: optic, tí a fi ń ríran. Ìkẹta la ojú bàrà bíi pé ẹnì kan gbé ìpéǹpéjú wọn sókè: oculomotor ló ń gbé e, òun náà ló ń darí ọ̀pọ̀ nínú iṣan tó ń yí ẹyinjú. Ìkẹrin ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n tẹjú mọ́ bàtà wọn: trochlear. Àwòrán yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí trochlear rẹ̀ bá bàjẹ́, ìgbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ló sábà máa ń rí nǹkan kan ní méjì.

Ìkarùn-ún kọ pélé mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n ń jẹ obì lẹ́nu: trigeminal, ẹlẹ́ka mẹ́ta, tó ń mú kí awọ ojú mọ ohun tó kàn án, tó sì ń jẹ́ kí a lè jẹun lẹ́nu. Ìkẹfà kò wo iwájú, ẹṣin àwọn ìdílé Balógun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń wò: abducens. Ìkeje ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà: facial. Ìkẹjọ ń fi ẹsẹ̀ kan jó dùndún láìṣubú: vestibulocochlear, ti ìgbọ́ràn àti ìdúró ara. Ìkẹsàn-án ń gbé orógbó mì, ìkorò rẹ̀ sì dé ìdí ahọ́n: glossopharyngeal. Ìkẹwàá kò dúró lójú kan, wọ́n ń rìn kiri bíi nerve wọn tó gba ọrùn, tó wọ àyà, tó dé ikùn: vagus. Ìkọkànlá ń sọ agbádá sí èjìká: accessory. Ìkejìlá yọ ahọ́n sí àwọn ìjòyè: hypoglossal. Ìwà àrífín gbáà ni, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní í gbàgbé. Bí tèmi kò bá wọ̀ yín lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ fúnra yín bá dá ló máa ń pẹ́ jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé láti orí kìíní nìkan ni wọ́n lè kà á. Nínú steeplechase, ìdánwò tí a ti ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, agogo á dún, ẹ ó bọ́ sí tábìlì mìíràn, kò sẹ́ni tí yóò dúró kí ẹ kà dé ìkẹsàn-án. Nítorí náà, ẹ kọ 1 sí 12 sórí bébà kéékèèké, ẹ pò wọ́n pọ̀, kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá máa fa ọ̀kan yọ. Ẹ sọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ sókè, ẹ má wo ìwé. Nígbà tí kò bá rọrùn gan-an ló ń wọlé.

Ẹ tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti fi hàn ní 1885 pé kété tí a bá há nǹkan sórí tán ni èyí tó pọ̀ jù ń sá lọ, kí ìgbàgbé náà tó wá máa falẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí fóònù máa ránni létí lè lo áàpù Anki.

Ní ti orúkọ oògùn, kò nílò Òjúde Ọba, ìparí orúkọ ti sọ ẹbí rẹ̀: propranolol àti atenolol (-olol) jẹ́ beta blocker, lisinopril àti ramipril (-pril) jẹ́ ACE inhibitor, ẹbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì.

Ní OSCE, ìdánwò tí a ti ń yẹ aláìsàn wò, àwòrán wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àyẹ̀wò fúnra wọn. Ẹ ní kí aláìsàn gbé èjìká sókè, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ láti mọ agbára ìkọkànlá. Ẹ ní kó yọ ahọ́n: bí hypoglossal apá kan bá ti bàjẹ́, apá náà gan-an ni ahọ́n yóò yà sí.